Owó Bàálù Lórí Ọ̀dùnkún

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: kò sí irọ́ kankan nínú ìròyìn tí mo kà lórí rédíò ní Ọjọ́rú yẹn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Yorùbá rẹ̀ sì gún régé, nítorí èmi Olúfúnmi kì í kọ Yorùbá tó wọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, títí ìjọba fi ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n máa lọ sinmi. Ta ló sọ fún wọn pé ó rẹ̀ mí?

Ìsinmi ọ̀hún ló fẹ́ pa mí. Èmi àti Josiah ọkọ mi nìkan ló kù nínú ilé wa ní Ìyànà Ọ̀fà, àwọn ọmọ ti lọ. Ọmọ kíláàsì kan náà ni èmi àti Josiah ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, orúkọ rẹ̀ ni mo sì ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bí ìyá rẹ̀ nínú títí wọ́n fi kú. Ilé iṣẹ́ ìwádìí irúgbìn ni Josiah ti fẹ̀yìn tì. Ohun tó kù tó ń ṣe láyé ni kó máa ka ìwé ìròyìn láti ojú ewé kìíní títí dé ibi ìkéde òkú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ẹn-ẹ́n." Bí mo bá dákẹ́, á tún ní, "Ẹn-ẹ́n." Èmi tí ogójì ọmọ máa ń dìde kí lẹ́ẹ̀kan náà, mo wá di ẹni tó ń bá ìkòkò ọbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí ara mi fi yá gágá nígbà tí Rédíò Àjùmọ̀ní, ilé rédíò kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà wa, kéde pé àwọn ń wá ẹnì kan tí yóò máa túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá, tí yóò sì máa kà á ní aago méje àárọ̀. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà gan-an. Kì í ṣe nítorí owó, owó tó wà níbẹ̀ kò ju kéèyàn fi ra mílíìkì lọ. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn tún máa gbọ́ ohùn mi, kí wọ́n sì máa fi etí sí i. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sí nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àṣé Alhaji Sùnmọ́nù Ìyàndá náà fẹ́ ẹ. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni Alhaji tẹ́lẹ̀, ibodè Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, gbogbo ìlú sì ń pè wọ́n ní Bàbá Kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọ́n fi ọdún méjì jù mí lọ, nítorí náà "wọ́n" ni mo máa ń pè wọ́n, àní nígbà tí inú bá ń bí mi sí wọn. Ohùn wọn kún ẹnu. Bí Alhaji bá kí ọ "ẹ káàárọ̀", wàá rò pé wọ́n fẹ́ tú ẹrù rẹ wò ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá wọn, ẹ gbà mí! Ẹni tó lè jókòó síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kó sọ pé "gọ́fínọ̀ ti láǹṣì pírójẹ́ẹ̀tì", ṣé ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa túmọ̀ nǹkan fún ọmọ Yorùbá?

Praise, ọmọbìnrin tó jẹ́ máníjà ilé rédíò náà, kò fẹ́ ṣe ojúsàájú. Ó ní kí àwa méjèèjì máa kà á ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan, láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun yóò sì mú ẹnì kan ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Alhaji lọ bá Praise, wọ́n ní ìdíje náà kò dọ́gba, nítorí èmi ni mo kọ́ Praise ní Yorùbá láti kíláàsì kìíní. "Ọmọ tí Tíṣà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, ṣé òun náà ló máa ṣe adájọ́?" Bí mo ṣe gbọ́, mo wé gèlè, èmi náà lọ bá Praise. Mo ní ta ni kò mọ̀ pé ọkọ ọmọ Alhaji ló ń gbé díísù wá fún jẹnẹrétọ̀ ilé rédíò, tó sì ṣàdédé dín owó rẹ̀ kù láti ìgbà tí ìdíje ti bẹ̀rẹ̀? Praise di orí mú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "Dádì Alhaji náà ti wá síbí lẹ́ẹ̀mejì lónìí."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí ìròyìn àwọn oníbàálù bọ́ sí mi lọ́wọ́. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni, Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì ìdíje wa, ìgbà ìkẹyìn tí èmi yóò kà kí Praise tó mú ẹni tó fẹ́. Ilé iṣẹ́ Boeing ti Amẹ́ríkà àti Airbus ti Yúróòpù ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bàálù ńláńlá tó ń kó èrò káàkiri ayé. Amẹ́ríkà ní àwọn ìjọba Yúróòpù ń yá Airbus lówó ní ọ̀nà tí báńkì kankan kò lè gbà yáni. Yúróòpù ní Amẹ́ríkà ń dárí owó-orí ji Boeing, ó sì ń fi owó ìwádìí tì í lẹ́yìn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi rojọ́ níwájú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé. Àjọ náà gbọ́ tẹnu wọn, ó ní àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi, ó sì gba kálukú láyè kó gbé owó ibodè lé ọjà ẹnì kejì. Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ lé wáìnì àti wàràkàṣì Yúróòpù. Yúróòpù gbé tirẹ̀ lé katakata, ẹ̀pà àti ọ̀dùnkún Amẹ́ríkà, ìdá márùndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ìparí rẹ̀, èyí tó sọ ọ́ di ìròyìn lọ́jọ́ náà, ni pé àwọn méjèèjì ti jókòó pọ̀, wọ́n ti gbà láti dá owó ibodè wọ̀nyí dúró fún ọdún márùn-ún.

Ìròyìn kékeré ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo rédíò máa ń pè ní "sọ́bsídì", bí ẹni pé epo bẹntiróòlù nìkan ni Ọlọ́run dá a fún. Mo ní rárá, lórí ohùn tèmi kọ́. Mo pè é ní owó ìrànwọ́, mo sì rí i pé ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí olùkọ́ ni mí. Mo fi àkàwé télọ̀ méjì ṣe é, ọ̀kan tí bàbá rẹ̀ ń ra òwú fún, èkejì tí onílé kò gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àkàwé náà dùn. Mo tilẹ̀ fi orúkọ sọ àwọn télọ̀ náà.

Ní Rédíò Àjùmọ̀ní, kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá ti pé, ìpolówó oúnjẹ adìyẹ á bẹ́ sórí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, ò báà parí, ò báà má parí. N kò wo aago. Ohun ìkẹyìn tí ìlú gbọ́ lẹ́nu mi ni pé wọ́n ti gbé owó ìdá márùndínlọ́gbọ̀n lé ọ̀dùnkún Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà, àkùkọ inú ìpolówó kọ. Èmi ṣì ń ka ìparí ìjà náà lọ rẹrẹ, ògiri nìkan ló ń gbọ́ mi.

Praise sọ fún mi pé mo tún ti kọjá àkókò, ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin. Mo ní kò burú, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìparí rẹ̀ á béèrè.

Kò sẹ́ni tó béèrè. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo lọ ra ọ̀dùnkún lọ́wọ́ Morónikẹ́, oníbàárà mi láti ọjọ́ pípẹ́, tó ń kó tirẹ̀ wá láti oko wọn lọ́nà Lálúpọn. Owó tó pè kì í ṣe owó tí a jọ ń ná.

"Morónikẹ́, kí ló dé? Ṣé wúrà lo fi bò ó ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá Tíṣà. Owó bàálù ni."

"Owó kí ni?"

"Owó bàálù, mà. Ẹ ò tíì gbọ́? Wọ́n ti gbé owó lé ọ̀dùnkún Amẹ́ríkà. Onítíkẹ́ẹ̀tì tó ń gba owó ọjà ti ń gbà á láti àná. Ti funfun ò ní wàhálà, Amẹ́ríkà nìkan ni."

Ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì kan jáde nínú àpò aṣọ rẹ̀. Wọ́n ti fi báírò kọ BALU gàdàgbà sára rẹ̀. Mo wo ọ̀dùnkún tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé mi. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ ìwádìí pín irúgbìn ọ̀dùnkún yìí fún àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa. Àwọn àgbẹ̀ kò rí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n bá sọ ọ́ ní Amẹ́ríkà. Láti Lálúpọn títí dé Akínyẹlé, bí o bá ti pe "ọ̀dùnkún Amẹ́ríkà", òun ni gbogbo ayé mọ̀. Josiah ọkọ mi wà lára àwọn tó pín in.

"Èmi ò wọ bàálù rí," Morónikẹ́ ní, "ọ̀dùnkún mi náà ò wọ̀ ọ́ rí. Ọ̀kadà ló ń gùn wá. Kí ló wá kàn wá nínú ìjà oníbàálù?"

"Ta... ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Onítíkẹ́ẹ̀tì ní Bàbá Kọ́sítọ́ọ̀mù ló kà á lórí rédíò. Ẹni tó bá sì ti ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù, ṣé kò ní mọ̀ nípa owó ibodè? Ọlọ́run á bi wọ́n. Àwa obìnrin fẹ́ lọ bá wọn nílé lónìí, kí wọ́n tó lọ kírun Jímọ̀ọ̀."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Mo la ẹnu, ohun tó jáde níbẹ̀ ni, "Gbé e wá bẹ́ẹ̀." Mo san owó ọ̀dùnkún, mo san owó bàálù lé e, mo sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Nígbà tí mo rò ó fún Josiah, ó gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀, ohun tí kì í ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Àṣé ọ̀dùnkún tí mo pín ló ń bá bàálù du ọ̀nà lójú ọ̀run!"

"Wọ́n ní Alhaji ló kà á."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"N kò sọ nǹkan kan."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹn-ẹ́n," ó ní. Mo mọ gbogbo ẹn-ẹ́n Josiah, eléyìí kò sí lára wọn.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní n kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní mo kàn fẹ́ dákẹ́ títí di ọ̀sán ni. Bí Praise bá ti mú ẹni tó fẹ́ mú, n ó jáde sọ òótọ́. Praise kò sì lè mú ẹni tí gbogbo obìnrin ọjà ń ṣépè fún, ẹ̀bi mi kọ́ nìyẹn.

"Olúfúnmi," Josiah ní, "ká ní ọmọ kíláàsì rẹ ló ṣe báyìí ńkọ́?"

Inú bí mi sí i gan-an. Mo mọ ohun tí n bá ti ṣe fún ọmọ náà. Lórí eékún ni ìyá rẹ̀ ì bá ti wá bá a. Mo wọ bàtà mi padà, mo jáde, mo sì gbọ́ tó ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn.

Ilé Alhaji kò jìnnà, ẹ̀yìn ilé epo ni. Kí a tó débẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ariwo. Àwọn obìnrin tó tó ogún ti dí ojú ọ̀nà, àwọn kan gbé agbọ̀n ọ̀dùnkún lórí. Alhaji dúró ní àárín wọn nínú aṣọ funfun báláú, tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ìyá mi, mo gbọ́," Alhaji ń wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ kírun. Bí mo bá dé, n ó ṣàlàyé."

"Ẹ ṣàlàyé kí ẹ tó lọ!" Morónikẹ́ pariwo. "Ọlọ́run tí ẹ fẹ́ lọ kí náà ń wò wá!"

Alhaji gbójú sókè, wọ́n sì rí mi. Mo mọ̀ dájú pé wọ́n gbọ́ ìròyìn Ọjọ́rú, nítorí wọn kì í pa ọjọ́ tèmi jẹ. Báírò ni wọ́n fi ń gbọ́ mi, kí wọ́n lè kọ àṣìṣe mi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí wọ́n sọ: "Tíṣà ló kà á, òun nìyẹn." Wọ́n mójú kúrò lára mi. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn obìnrin náà pé kí wọ́n ṣe sùúrù.

Ojú tì mí. Ojú kò tì mí bẹ́ẹ̀ rí láyé.

"Ẹ dákẹ́!"

N kò mọ̀ pé ohùn yẹn ṣì wà nínú mi. Gbogbo wọn dákẹ́ wẹ́lo. Ìdajì wọn ló ti gba ọwọ́ mi kọjá, ara wọn sì rántí kí ọkàn wọn tó rántí. Morónikẹ́ tilẹ̀ sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó nà tàntàn.

"Alhaji kọ́ ló kà á. Èmi ni. Èmi ni mo kà á ní Ọjọ́rú, mo sì mọ̀ ní àárọ̀ yìí pé Alhaji lẹ ń bú, mo dákẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n fún mi ní iṣẹ́ ni mo ṣe dákẹ́. Ẹ má bínú."

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní ọ̀dùnkún tí wọ́n gbìn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń wí, tí wọ́n kó lọ tà ní Yúróòpù. Kì í ṣe Amẹ́ríkà ti Lálúpọn.

"Kí ló wá da bàálù pọ̀ mọ́ ọn?" ọ̀dọ́bìnrin kan, Ìyanuolúwa, béèrè.

"Ká ní ìwọ àti Morónikẹ́ jọ ń ta ọ̀dùnkún. Bàbá Morónikẹ́ ń ra ajílẹ̀ fún un. Ọkọ tìrẹ jẹ́ olóyè ọjà, kò jẹ́ kí o san owó ìsọ̀. Ta ló ń rẹ́ ẹnì kejì jẹ?"

"Morónikẹ́ ni!" "Ìyanuolúwa ni!" Kíá, ọjà ti pín sí méjì.

"Ó dára. Bàbá Morónikẹ́ wá bínú, kò rí Ìyanuolúwa mú. Ó ní ìyá ọkọ Ìyanuolúwa tó ń ta gàrí kò gbọ́dọ̀ gba àdúgbò òun kọjá láìsan owó."

"Kí wá ni ìyá arúgbó onígàrí ṣe?" Morónikẹ́ bínú gidi. "Bàbá mi kì í hu irú ìwà bẹ́ẹ̀!"

"Ohun tí wọ́n fi ọ̀dùnkún ṣe nìyẹn. Wọ́n sì ti parí ẹ̀. Àwọn méjèèjì ti dá owó náà dúró fún ọdún márùn-ún."

"Ta wá ló jẹ̀bi nínú wọn?"

"Àjọ tó gbọ́ ẹjọ́ wọn ní àwọn méjèèjì ni."

"Ọdún mélòó ni wọ́n sì fi rojọ́?"

"Mẹ́tàdínlógún."

Ẹ̀rín bú sẹ́nu wọn. Morónikẹ́ ní bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ náà wá sí ìdí ọ̀dùnkún òun, kí ilẹ̀ tó ṣú, oníbàálù kìíní àti ìkejì á ti máa jẹ̀bà nínú abọ́ kan. Ibi ẹ̀rín yìí ni onítíkẹ́ẹ̀tì bá wa. Ọ̀kadà ló gùn dé, ìdì tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ó sì gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

"Màmá," ó ní, "ṣé wọ́n ti wá mú owó bàálù kúrò ni?"

"Wọn ò gbé e lé ọ̀dùnkún wa rí!" mo ní.

Ó fẹ́ ta ọ̀kadà lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin mẹ́rin ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe jọ gun ọ̀kadà náà padà sọ́jà lọ dá owó padà fún kálukú nìyẹn, òun níwájú, àwọn mẹ́rin lẹ́yìn, àwọn tó kù ń sáré tẹ̀ lé wọn.

Alhaji lọ kírun. Nígbà tí wọ́n padà dé, Praise ti wà lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, èmi àti Josiah sì wà níbẹ̀. Praise ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa kó tó sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ láti inú ìkúnlẹ̀ yẹn pé n kò ní fẹ́ràn ohun tó fẹ́ sọ.

"Màmá, Yorùbá yín ni mo fi dé ibi tí mo dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ ti kọjá àkókò, ìlú sì ti dàrú nítorí ẹ̀. Mi ò lè gbé iṣẹ́ náà fún yín. Dádì ni mo mú."

Mo ní ó dára. Kò dára rárá. Ó dùn mí dé eegun, mo sì ń wo ilẹ̀ kí wọ́n má baà rí ojú mi.

"Èmi ò gbà á," Alhaji ní.

Èyí ló wá bí mi nínú jù. "Ta ló bẹ̀ yín?" mo ní. "Ẹ gbàṣẹ́ yín, Alhaji. Mi ò fẹ́ ìrànwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ti bá mi bo àṣírí níwájú ọjà, ó tó bẹ́ẹ̀."

"Ìrànwọ́ kẹ̀? Tíṣà, àṣírí ta ni mo bò?" Alhaji jókòó. Wọ́n fi tẹ̀súbáà sí àpò, wọ́n sì fa bébà kan yọ tí wọ́n ti ká ní ìlọ́po mẹ́rin. "Ìròyìn tí mo kà ní àná nìyí. Ìparí ìjà bàálù yẹn tún wà nínú ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀ ní òyìnbó. Wọ́n kọ 'truce' síbẹ̀. Mo wò ó títí, mi ò mọ ohun tí Yorùbá ń pè é. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá pè é ní 'trúùsì', ẹ ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bá fò ó."

Praise tún di orí mú. "Dádì, ẹ fo kí ni?"

"Mo fò ó. Ká ní mo kà á ni, ọjà ì bá ti gbọ́ ní àná pé kò sí owó bàálù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró níwájú àwọn obìnrin yẹn kí n ní Tíṣà ló jẹ̀bi?"

Josiah ni ẹni àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bá a wí, ẹ̀rín sì gbà mí lẹ́nu. Praise nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò wá bí òbí ṣe ń wo ọmọ méjì tó fọ́ àwo.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín, Tíṣà," Alhaji ní. Ohùn ńlá yẹn ti rọ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ máa túmọ̀ fún àwa méjèèjì. Èmi á máa di aago mú fún àwa méjèèjì, bó bá ku ìṣẹ́jú kan, n ó gbá tábìlì. Ká máa kà á ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan bí a ti ń ṣe é, ká pín owó náà sí méjì. Èmi nìkan ò lè ṣe é. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tètè sọ."

Mo wo Praise. Praise ní owó kò ní lé kọ́bọ̀ kan, àti pé ẹni tó bá tún wá fẹjọ́ ẹnì kejì sun òun, òun á fún àkùkọ yẹn ní iṣẹ́ náà. Ó ní ó yá, òun ti fọwọ́ sí i.

Mo fẹ́ sọ pé n ó rò ó wò ná, bí àgbàlagbà ṣe yẹ kó sọ. N kò lè sọ ọ́. Inú mi ti dùn jù.

"Ẹ mú báírò, Alhaji," mo ní.

Alhaji wá báírò títí, Josiah ló fún wọn ní tirẹ̀. Wọ́n tẹ́ bébà náà sórí itan wọn, wọ́n fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn, wọ́n sì ń dúró dè mí.

"Ìdáwọ́," mo ní, mo sì sinmi díẹ̀ kí wọ́n lè bá mi. "Ìjà. Dúró."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo na ọrùn wò ó, wọn kò fi àmì ohùn sí orí ìdáwọ́, mo sì ní kí wọ́n tún un kọ.